Àyè Obìnrin Nínú Eré-Oníṣe: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Zulu Sofola ti Ìlọrin àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè nípa ìwà ẹ̀dá-ìtàn. Bí ẹ̀dá-ìtàn náà bá jẹ́ ọkùnrin, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni oyè tàbí iṣẹ́ rẹ̀: ọba ni, jagunjagun ni, ọdẹ ni. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bóyá ó ṣe é dáadáa tàbí kò ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dá-ìtàn náà bá jẹ́ obìnrin, ìwà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tò sílẹ̀: ìkà ni, onígbọràn ni, alágbèrè ni, arẹwà ni. A kì í sábà gbọ́ ipò tí obìnrin náà wà láwùjọ. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sì ń gba máàkì, nítorí pé ìbéèrè tí àwa fúnra wa gbé kalẹ̀ kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ìgbésí-ayé àti iṣẹ́ obìnrin kan, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe àlàyé bí a ṣe lè tún ọ̀rọ̀ yìí gbé yẹ̀wò. Obìnrin náà ni Zulu Sofola. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ eré rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Ìgbò sì ni. Ẹnìkan lè wí pé kí ni ó wá kan àwa akọ́mọlédè nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èsì wa ni pé ìbéèrè kan ni ó ń béèrè nínú púpọ̀ nínú eré rẹ̀: àyè wo ni ìlú fi fún obìnrin, ta ni ó sì gba àyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí kan náà ni ó wà nínú àwọn ìwé Yorùbá tí à ń kọ́ lójoojúmọ́, bí a bá fi ara balẹ̀ kà wọ́n.

Ìgbésí-ayé Rẹ̀

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni a bí Nwazuluwa Onuekwuke, ẹni tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Zulu. Issele-Uku ni ìlú wọn, láàrin àwọn Ìgbò tí wọ́n wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Ọya, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1959, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Virginia Union University. Lẹ́yìn èyí ó tún gba oyè kejì nínú ìmọ̀ eré-oníṣe ní Catholic University of America, ní Washington. Ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1966. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1977. Ọmọ Yorùbá ni ọkọ rẹ̀, J. A. Sofola, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, tí ó sì kọ ìwé lórí àṣà àti ìwà ọmọ Áfíríkà ní ọdún 1973.

Láti Ìbàdàn ni ó ti bọ́ sí Ìlọrin. Ọdún 1975 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìlọrin sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá dúró ní ọdún 1977. Nígbà tí Sofola dé ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà ń wá ọ̀nà tí yóò gbà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibẹ̀ ni Olúdáre Ọlájubù, ẹni tí ó kó iwì egúngún jọ sínú ìwé ní ọdún 1972, ti ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Ibẹ̀ náà ni Olú Ọbáfẹ́mi, òǹkọ̀wé eré-oníṣe, ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Sofola di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ó sì jẹ́ olórí ẹ̀ka tí ó wà fún eré ṣíṣe. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí a tẹ eré-oníṣe rẹ̀ jáde, àti obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ eré-oníṣe ní Áfíríkà. Ó kú ní ọdún 1995, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Ìlú tí ó gbà á lálejò kì í ṣe ìlú tí eré ṣàjèjì sí. Òṣèré dàdàkúàdà ni Ìlọrin fi ń yangàn, tí wọ́n ń kì í, tí wọ́n ń bú, tí wọ́n sì ń dá ìlú lẹ́kọ̀ọ́. Ní àdúgbò bí Òkèlele, àwọn obìnrin ni wọ́n ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń sun ún. Obìnrin tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, kì í ṣe ohun àrà níbẹ̀. A ó rí i pé èyí bá ohun tí Sofola ń sọ mu.

Eré Rẹ̀ Láàrin Àwùjọ

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni Sofola fi eré rẹ̀ mọ. Ó ń darí eré fúnra rẹ̀, a sì ṣe àwọn eré rẹ̀ lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama Yéjídé ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Disturbed Peace of Christmas ní ọdún 1969, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1971. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí: àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ṣí eré rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a tẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń rò pé eré ṣíṣe ní kíláàsì ń fi àkókò ṣòfò, kí ó rántí ibi tí iṣẹ́ òǹkọ̀wé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún mọ bí a ṣe ń mú ohun àjèjì wọ ilé. Ní ọdún 1975, ó tẹ The Wizard of Law jáde. Eré ẹ̀rín àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Faransé, tí a ń pè ní Pathelin, ni ó gbé e kà. Ṣùgbọ́n Ramoni àti Sikira ni ó sọ lọ́yà oníjìbìtì náà àti ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ àwìn aṣọ àti àrékérekè wọn sí àárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Issele-Uku ni ó ṣe èyí. Àlejò tí ó bá la ojú àti etí rẹ̀ sílẹ̀ kì í pẹ́ mọ ilé.

Omu: Obìnrin Tí Ó Ní Àga Tirẹ̀

Bí a bá fẹ́ lóye àwọn eré ńlá rẹ̀, a ní láti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Omu ní agbègbè rẹ̀. Omu kì í ṣe olorì, nítorí kì í ṣe aya ọba. Ó jẹ́ olóyè tí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Òun ni ó ń ṣe àkóso ọjà àti ọ̀ràn àwọn obìnrin, ó sì ní ojúṣe nínú ètùtù ìlú. Ẹni tí ó mọ Ìyálóde nílẹ̀ Yorùbá kò ní pẹ́ kí ó tó lóye irú oyè yìí.

Nínú King Emene, tí ó jáde ní ọdún 1974, ọba kan fẹ́ ṣe ètùtù ọdọọdún tí ó ń mú àlàáfíà bá ìlú. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ilé ọba, tí a kò tíì wẹ̀ nù. Dípò kí ó wádìí, ó lé Omu kúrò nílùú. Ìgbẹ̀yìn eré ni ó tó hàn pé ìyá ọba fúnra rẹ̀ ni ó pànìyàn kí ọmọ rẹ̀ lè dé orí oyè. Nígbà yẹn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Òye wa ni pé kì í ṣe ìgbéraga Emene nìkan ni Sofola ń fi hàn wá. Àga kan wà nínú ìlú tí ẹni tí ó jókòó lé e ní ẹ̀tọ́ láti sọ òtítọ́ fún ọba. Nígbà tí a gba àga náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kò sí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ mọ́ kí ọ̀ràn tó bàjẹ́ pátápátá. Ó tún padà sí oyè yìí nínú Queen Omu-ako of Oligbo, tí ó jáde ní ọdún 1989, níbi tí Omu ti ń ṣe olórí fún àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ lásìkò ogun abẹ́lé Nàìjíríà.

Opó Tí Kò Ní Àga

Wedlock of the Gods, ti ọdún 1972, ni òdìkejì èyí. Arákùnrin Ogwoma ń ṣàìsàn, àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní owó. Wọ́n gba owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ Adigwu, wọ́n sì fi í fún un, bẹ́ẹ̀ ni Uloko ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Adigwu kú. Àṣà ní kí Ogwoma ṣọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí àbúrò òkú sì ṣú u lópó. Ṣùgbọ́n ó lóyún fún Uloko nígbà tí ó ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Odibei, ìyá Adigwu, gbà pé òun ni ó pa ọmọ òun, ó sì fi oògùn pa á. Uloko náà pa Odibei, ó sì gbé májèlé jẹ.

Olùkọ́ Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ opó ṣíṣe àti ṣíṣú opó dáadáa, nítorí náà kò ní ṣòro fún un láti rí ibi tí eré yìí ti ń dunni. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé Sofola kò sọ pé àṣà burú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé Ogwoma jàre. Ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibì kan tí ọ̀dọ́mọbìnrin yìí lè jókòó kí a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó ni ó jẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀, ogún ni ó jẹ́ fún ẹbí ọkọ, apànìyàn ni ó jẹ́ lójú ìyá ọkọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé alágbèrè ni Ogwoma, kò parọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ nípa eré náà rárá.

Àríyànjiyàn Lórí The Sweet Trap

Kò yẹ kí a fi ibi tí àwọn onímọ̀ ti bá Sofola jà pamọ́. Nínú The Sweet Trap, ti ọdún 1977, Clara jẹ́ obìnrin tí ó kàwé. Ó fẹ́ ṣe ọdún ọjọ́-ìbí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ Femi kọ̀ fún un. Àsìkò ọdún Òkèbàdàn ni, nígbà tí àyè wà láti fi orin àti ẹ̀fẹ̀ sọ ohun tí ẹnu kì í sọ lójoojúmọ́, tí àwọn ọkùnrin inú eré náà sì fi àyè yìí fi obìnrin ṣe ẹlẹ́yà. Clara fi agídí ṣe àríyá náà, ó dà rú, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé ó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Àwọn kan wí pé Sofola, obìnrin, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti obìnrin mọ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá gba ìkúnlẹ̀ Clara gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ òǹkọ̀wé, a jẹ́ pé ìwé kíkà obìnrin ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka eré yìí pẹ̀lú King Emene, a ó rí ohun mìíràn. Omu ní ìgbìmọ̀ lẹ́yìn. Clara kò ní ju ìwé-ẹ̀rí lọ. Ayẹyẹ ọjọ́-ìbí tí ó gbé ìjà lé lórí kò fún un ní àga nínú ìlú ọkọ rẹ̀, kò sì fún un ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Àwa kò sọ pé èyí pa ẹ̀sùn náà rẹ́. A sọ pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì kí ó tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Sofola fúnra rẹ̀ ṣe àlàyé èrò rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan lórí ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin àti ipò obìnrin Áfíríkà, èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1998, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé àwùjọ Áfíríkà àtijọ́ fún obìnrin ní agbára tí ó dá dúró, àti pé ìjọba àti ètò àwọn àjèjì ni wọ́n bọ́ ọ lára rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni wọ́n gbà pé àtijọ́ dára tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ogwoma tí òun náà kọ ń jẹ́rìí pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pé a gba oyè lọ́wọ́ obìnrin, òtítọ́ ni. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Ẹfúnróyè Tinúubú ti jẹ Ìyálóde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin dé ibi tí wọ́n ti ń san owó orí fún ìjọba láìní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, wọ́n sì jà títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ipò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949.

Ẹ̀rí Tí Ó Wà Nínú Èdè Wa

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ wà nínú ohun tí Sofola sọ, kò yẹ kí a lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà *ọkọ*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò sọ pé ọkùnrin tí ó fẹ́ obìnrin ni ọkọ. Ṣùgbọ́n nínú agbo-ilé Yorùbá, obìnrin tí a gbé wá ilé ọkọ kì í ní ọkọ kan ṣoṣo ní ti ìpè. Gbogbo ọmọ ilé tí ó bá níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kódà ọmọdébìnrin tí a bí ṣáájú kí ó tó dé. Obìnrin ilé kan náà tí ó ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ilé níhìn-ín, bí ó bá padà sí ilé baba rẹ̀, ọkọ ni òun náà níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ibẹ̀ ni yóò máa kúnlẹ̀ fún un. Ipò ni *ọkọ* níhìn-ín, kì í ṣe ẹ̀yà ara. Àwọn ọmọbìnrin ilé, tí àwọn Ìgbò ń pè ní *umuada*, ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ẹbí baba wọn títí ayé.

Ohun tí èyí fi kan ẹ̀kọ́ wa kò kéré. Bí obìnrin ilé bá ń ki oríkì tàbí tí ó ń sun rárà, tí ó sì ń pe ẹni tí ó ń kì ní ọkọ òun, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ọkùnrin tí ó fẹ́ ẹ ni ó ń bá wí. Àṣìyé yìí ń ba àlàyé ewì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá ṣàlàyé ipò yóò máa bá àṣìyé náà fínra nínú gbogbo ìwé.

Bí A Ṣe Lè Lò Ó Ní Kíláàsì àti Nínú Ìdánwò

A fẹ́ dá a lábàá pé kí a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ẹ̀dá-ìtàn obìnrin, kí wọ́n tó sọ ìwà rẹ̀. Èkínní, ipò wo ni ó wà: ọmọ ilé ni, ìyàwó ni, opó ni, olóyè ni, tàbí ẹrú? Èkejì, ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹbí, ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀, tàbí kò sí ẹnìkan? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ipò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò, èyíinì ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ìdáhùn tí a mọ̀ ni pé ìkà ni Ẹfúnṣetán, nítorí pé ó pa Àdẹ̀tútù, ẹrú tí ó lóyún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a bi í pé ipò wo ni ó wà. Ìyálóde Ìbàdàn ni. Samuel Johnson nínú ìwé ìtàn rẹ̀ sọ bí Látòósà ṣe rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1874, tí a sì pa á lọ́dún kan náà; lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé kò ran ọmọ-ogun lọ́wọ́. Bọ́lánlé Awẹ́, nígbà tí ó kọ nípa oyè Ìyálóde ní ọdún 1977, fi hàn pé oyè náà jẹ́ ti ìṣèlú gidi, kì í ṣe ti ọjà nìkan. Nítorí náà, ìjà òun àti Látòósà kì í ṣe ìjà olódodo pẹ̀lú ìkà nìkan. Ìjà agbára láàrin olóyè méjì ni pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ èyí ń dá Ẹfúnṣetán láre? Rárá o. Ńṣe ni ó ń mú ẹ̀bi rẹ̀ wúwo sí i. Ẹni tí ìlú fi jẹ olórí àwọn obìnrin, tí ó yẹ kí aboyún sá di, ni ó pa aboyún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mẹ́nu ba ìwà nìkan kò lè rí èyí. Ẹni tí ó bá mọ ipò ni yóò rí i pé oyè náà ni ó bà jẹ́, kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ nìkan.

Fún àwa olùdánwò, àbá wa kò le. Dípò kí a béèrè pé, “Ṣàpèjúwe ìwà Ẹfúnṣetán,” a lè béèrè pé, “Jíròrò lórí bí Ẹfúnṣetán ṣe lo ipò Ìyálóde.” Bí ìbéèrè náà bá gba ogún máàkì, kí a fi márùn-ún sórí àlàyé ipò náà, mẹ́wàá sórí ohun tí ó fi ipò náà ṣe pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú ìwé, márùn-ún sórí ìdájọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìdí tí ó fi dá a bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há ìwà márùn-ún sórí kò ní lè fi wọ́n gba gbogbo máàkì, ẹni tí ó ka ìwé ni yóò gbà á. Ìbéèrè kan náà ṣe é bi nípa Tinúubú nínú Olú Ọmọ, eré tí Ìṣọ̀lá yìí kan náà kọ.

A kò sọ pé kí a mú eré Sofola wọ inú sílébọ́ọ̀sì Yorùbá; Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, àyè tiwọn sì wà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè sọ ìtàn Ogwoma ní ṣókí nígbà tí ó bá ń kọ́ àṣà opó ṣíṣe, tàbí ìtàn Omu nígbà tí ó bá ń kọ́ oyè jíjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan, yóò sì fi ojú ìmọ̀ wo tirẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ Zulu Sofola, tí ó lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ní Ìlọrin, dá lórí àyè tí ìlú fi fún obìnrin àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gba àyè náà. A rí i nínú Omu tí a lé, nínú Ogwoma tí kò ní ibi jókòó, àti nínú Clara tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. A sì ti rí i pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí nípa irú àyè bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tí à ń pè lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó síwájú wa ní kíláàsì jẹ́ ọmọbìnrin. Bí a bá ń kọ́ wọn pé ìwà rere tàbí ìwà burúkú nìkan ni ó wà nínú ìtàn obìnrin, a ti fi ìdajì ìwé pamọ́ fún wọn. Ọwọ́ wa ni gègé ìmáàkì wà. Ẹ jẹ́ kí a fi í béèrè ìdajì yòókù.